Alàgbà Byeon àti Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn Aldermere

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí oòrùn fi ń yọ ní ìlú Guatemala, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wo ojú ọ̀run. Ẹ lọ bi Alàgbà Byeon Sang-gyu. Kò ní ṣàì sọ fún yín pé ọwọ́ òun ni oòrùn ti wá tọrọ àyè.

Ọkùnrin náà ò ga rárá, ṣùgbọ́n bó bá ń wọlé, ńṣe ló máa ń tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí òkè ilẹ̀kùn gbá òun lórí. Bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aránṣọ tí àwọn ará wa láti Kòríà dá sílẹ̀ lọ́nà Mixco, òwò náà sì gbè é. Ẹni tí òwò gbè, ṣebí ó yẹ kó sinmi? Byeon ò mọ ìsinmi. Byeon a-bá-orúkọ-ńlá-tan! Byeon tí wọ́n kí ní "Ẹ káàárọ̀", tó dáhùn pé "Ọmọ mi ti wọ yunifásítì"! Alàgbà tó ń fi ojú kan gbàdúrà, tó ń fi ojú kejì wo ẹni tó ń wo òun!

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ lọ nígbà èwe kò lókìkí. Bó bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, wọ́n á ní, "Níbo nìyẹn?" Á tún un pè. Wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n, ó dáa," wọ́n á sì yí sọ́rọ̀ míràn. "Ó dáa" yẹn ti há a lọ́fun bí eegun ẹja láti ọgbọ̀n ọdún.

Ọlọ́run wá fún un ní ọmọ kan ṣoṣo, Serin, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí orí rẹ̀ pé ju ti bàbá lọ. Bí Fuego, òkè tó ń yọ iná, bá tu eérú sórí ìlú, tí gbogbo wa ń sáré ti fèrèsé, àwo ni Serin máa ń gbé jáde sórí òrùlé. Á gba eérú náà, á fi ìka lọ̀ ọ́, á máa wò ó bí ẹni tó rí wúrà.

Lọ́dún tó parí girama, yunifásítì mẹ́ta ló ní kó máa bọ̀. Ọ̀kan wà ní Seoul, fún ìmọ̀ okòwò. Ọ̀kan wà ní Mẹ́síkò, fún ìmọ̀ òkè tó ń yọ iná, èyí tí ọmọ náà fẹ́ràn bí ẹyinjú. Ẹ̀kẹta ni Aldermere nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níbi oúnjẹ, àwọn òbí wa á gbé ṣíbí sílẹ̀ ná.

Báwo ni Serin ṣe dé Aldermere? Ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọrúkọ, Alàgbà fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní:

"Nínú gbogbo ẹ̀ka tí wọ́n ní, èwo ni èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wá?"

Serin wá a títí. "Ó jọ pé ìmọ̀ adìyẹ ni, Bàbá."

"Tẹ̀ ẹ́."

"Adìyẹ kẹ̀? Bàbá, mi ò di adìyẹ mú rí láyé mi, àfi èyí tí wọ́n ti dín."

"Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́! Ẹni tó bá ti jókòó láàfin, ta ló máa ń bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ló gbà wọlé? Tó o bá ti wọlé tán, wàá yí sí ìmọ̀ ìṣègùn. Adìyẹ lónìí, dókítà lọ́la."

Serin tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó mọ bàbá rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìròyìn dé pé Aldermere ti gbà á, Alàgbà ò fi ọ̀ràn náà pamọ́. Adìyẹ nìkan ló fi pamọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe bi í ní ilé ìjọsìn pé kí ni ọmọ fẹ́ kọ́, ó ní, "Nǹkan abẹ̀mí." Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, nǹkan abẹ̀mí ti di nǹkan tó jẹ mọ́ ara. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti di ìṣègùn. Nígbà tí oṣù fi máa parí, Serin tí kò tíì kúrò nílé ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Yunha. Òun ló ń ta kimchi, ẹ̀fọ́ oníata tí àwa ará Kòríà ń jẹ, àti ọbẹ̀ ẹ̀wà soya ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó kọjú sí ilé ìjọsìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀, Yunha, bá Serin jáde lọ́dún kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi tí Alàgbà fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nítorí Serin, Ìyá Yunha wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá."

"Ṣé lórí Aldermere ni? Ẹ jókòó."

"Rárá o, lórí Seoul ni. Àyè tí wọ́n fún àwọn ọmọ wa tó ń gbé lókèèrè ti kún. Serin wà lórí ọ̀kan, Yunha ló sì kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni Yunha ní. Bí ẹ ò bá ní lo tiyín, ẹ bá wa yọ̀ǹda rẹ̀."

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ó mú bọ́tìnnì kan, ó ń yí i láàárín ìka.

"Ìyá Yunha, bí ẹnìkan bá ní bàtà mẹ́ta, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Méjì ni."

"Ṣé ó máa wá ju bàtà tó kù nù?"

"Bí aládùúgbò rẹ̀ bá ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀gún ńkọ́, Alàgbà?"

"Sùúrù ni baba ìwà. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ni mo fẹ́ kọ Seoul, níwájú gbogbo ìjọ. Ohun tí èèyàn kọ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́, ṣé ó kọ nǹkan kan nìyẹn?"

"Ọjọ́ Ìsinmi kẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni Seoul ń tilẹ̀kùn! Tó bá ti di ọjọ́ Ìsinmi, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́."

"Ẹ máa gbàdúrà, Ìyá Yunha. Kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe."

Obìnrin náà dìde, ó ní "Ẹ ṣé," ó lọ. Ó gbàgbé agboòrùn rẹ̀ sórí àga. Serin, tó ń to síìpù lẹ́yìn tábìlì ìtajà, ló sáré gbé e tẹ̀lé e.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Serin lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Ìyá Serin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń bá Byeon gbé, níbo ló ti fẹ́ rí àyè sọ̀rọ̀?

"Mọ́mì, bí ènìyàn bá fẹ́ fi àyè Seoul yẹn sílẹ̀, ta ló ni àṣẹ?"

Ìyá rẹ̀ ò wẹ̀yìn. "Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

"Orúkọ mi ni."

"O ti dá ara rẹ lóhùn. Jẹ́ n fọ ìrẹsì mi."

Alàgbà ò mọ̀ nípa èyí. Ètò ìdúpẹ́ ló gbé lọ́wọ́. Pásítọ̀ Ma kọ́kọ́ fẹ́ sá fún un.

"Alàgbà, ọmọ mẹ́sàn-án ló ń lọ yunifásítì nínú ìjọ wa lọ́dún yìí. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pa wọ́n pọ̀?"

"Pásítọ̀, ìràwọ̀ pọ̀ lọ́run, òṣùpá kan ni. Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi òṣùpá to ìlà pẹ̀lú ìràwọ̀?"

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. Alàgbà ló ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, ó sì máa ń ránni létí. Wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn. Ó sọ orúkọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn òbí sọ ní "Bí Mo Ṣe Tọ́ Dókítà".

Ṣùgbọ́n òṣùpá tún ń wá ẹni tó máa fi ìka tọ́ka sí i. Alàgbà fẹ́ kí ènìyàn Aldermere gan-an wá kan sáárá sí ọmọ rẹ̀. Ó wádìí àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ tí wọ́n wà ní Guatemala, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà ẹnìkan: Dókítà Anselmo Recinos. Bó ṣe rí "Dókítà", ara rẹ̀ yá gágá. Ó pè é lórí fóònù.

"Dókítà, ọmọbìnrin mi ń lọ sí Aldermere!"

"Ẹ kú oríire o! Ẹ̀ka wo ló fẹ́ wọ̀?"

"Ẹ̀ka tiyín náà ni!"

Ohùn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ti ẹni tó fẹ́ sunkún. "Ẹ̀ka tiwa? Ẹ̀ka tiwa, ẹ ní? Ọ̀gá mi, mo ń bọ̀. Kódà bí òjò ń rọ̀, mo ń bọ̀!"

Alàgbà gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o rí i? Àwọn dókítà àgbà ń sunkún nítorí ọmọ wa."

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Wọ́n to ìrẹsì, ẹran màlúù tí wọ́n fi oyin sun, kimchi Ìyá Yunha àti tamale, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì sè, sórí tábìlì gígùn. Alàgbà wọ táì pupa tó gùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ta aṣọ ńlá kan tí wọ́n kọ ALDERMERE sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọdé. Orúkọ Serin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kéré bí èèrà.

Alàgbà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni Ọlọ́run fún lọ́pọlọ. Ẹ má banú jẹ́. Bí gbogbo wa bá jẹ́ ọ̀gá, ta ló máa rán bọ́tìnnì?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè ọjà.

"Àwọn míràn ń pariwo Seoul, Seoul! Kí ni Seoul? Ibi tí a ti wá náà ni. Ẹni tó gun òkè dé ìdajì, ṣé ó tún ń sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi nísàlẹ̀? Ọmọ mi wọ Seoul. Ẹ gbọ́ o, ó wọ̀ ọ́! Ṣùgbọ́n lónìí, lójú gbogbo yín, èmi Byeon, mo kọ Seoul!"

Ó dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Yunha ló dìde. Omijé ti bo ojú rẹ̀.

"Alàgbà, Ọlọ́run á san án fún yín! Lọ́jọ́bọ̀ ni Seoul pè wá pé Serin ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Yunha ti wọlé! Mo ṣe bí ẹ ti lé mi lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò mọ̀ pé ẹ ti ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Alàgbà la ẹnu, ó wo Serin. Àwo oúnjẹ ni Serin ń wò. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá Serin náà ń pàtẹ́wọ́.

Kí ló fẹ́ ṣe? Ìyìn ti dé ilẹ̀, Byeon ò sì tíì rí ìyìn kó kọjá láìkí i. Ó fi ọwọ́ lé àyà.

"Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ni."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin kan ti wọlé. Ó wọ kóòtù dúdú, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó gbé páálí tí wọ́n lu ihò sí lára mọ́ àyà. Dókítà Recinos nìyẹn. Alàgbà sáré lọ pàdé rẹ̀, ó fà á lọ síwájú, ó sì ní òun fúnra òun lòun máa túmọ̀ Sípáníìṣì rẹ̀ sí èdè Kòríà. Ó dùn mọ́ni. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń fi Sípáníìṣì ná ọjà lójoojúmọ́, àfi Màmá Gu, ìyá àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: ẹ ṣé, èló ni, àti pollo.

"Ẹ̀yin ará," ni Dókítà Recinos wí, "láti ogún ọdún tí mo ti jáde ní Aldermere, ẹnikẹ́ni láti Guatemala ò tíì wọ ẹ̀ka wa. Ọmọ yìí ni àkọ́kọ́."

Alàgbà túmọ̀ rẹ̀, ó fi iyọ̀ sí i: "Ó ní ogún ọdún! Nítorí pé ó le!"

"Wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé, láìsí àwa, ẹ ò lè rí pollo jẹ."

Alàgbà yanu. Ó pa á dé. "Ó ní... láìsí àwọn, kò sí àlàáfíà."

Màmá Gu gbórí sókè nínú àwo rẹ̀. "Pollo ló pè. Mo gbọ́ pollo. Adìyẹ ni pollo."

"Màmá, òwe ni," ni Alàgbà wí.

"Àwa dókítà adìyẹ ò pọ̀," ni àlejò ń bá ọ̀rọ̀ lọ tayọ̀tayọ̀, "nítorí náà, bí a bá ti rí ara wa, ńṣe là ń dì mọ́ra."

"Ó ní àwọn dókítà... àgbà... ò pọ̀."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ káàkiri gbọ̀ngàn. Àwọn kan fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu. Láti ẹ̀yìn, ẹnìkan kígbe pé, "Alàgbà, a gbọ́ Sípáníìṣì o! Ẹ jẹ́ kí dókítà adìyẹ sọ tẹnu ẹ̀!"

Dókítà Recinos ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó yíjú sí Serin, ó ń rẹ́rìn-ín bíi bàbá ìyàwó. "Ọmọ mi, èwo lo fẹ́ kọ́ jù níbẹ̀, ti ẹyin ni àbí ti ẹran?" Ó ṣí páálí. Òròmọdìyẹ ló kún inú rẹ̀, wọ́n pọ́n bí ìyeyè, wọ́n ń ké ṣíoṣío. "Oko mi ni mo ti mú wọn wá fún ọ, kó o fi bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Òròmọdìyẹ méjì bẹ́ sórí tábìlì, ọ̀kan rìn lórí ìrẹsì kọjá bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ojú Alàgbà pọ́n ju táì rẹ̀ lọ. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun.

"Dókítà, àṣìṣe ni! Ọmọ mi ò fẹ́ kọ́ adìyẹ! Ta ló ń kọ́ adìyẹ? A kàn fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé ni, nítorí èèyàn kì í lọ síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni! Tó bá wọlé tán, á yí sí ìṣègùn gidi!"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ojú ń ti àwọn ènìyàn fún àlejò náà. Dókítà Recinos rọra kó òròmọdìyẹ tó wà lórí tábìlì padà, ó gbọn ìrẹsì kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀kan.

"Ọ̀gá mi," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè, "lọ́dún tí àrùn wọ abúlé wa, gbogbo adìyẹ ìyá mi kú, àwọn la sì fi ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Aldermere. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà. Kò sì sí ọ̀nà láti ẹ̀ka wa dé ti ìṣègùn. Ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa, ilé ló ń lọ."

Alàgbà wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ọgbọ́n kan sọ sí i lórí.

"Ó dáa! Kò burú! Ṣebí Seoul wà níbẹ̀? Seoul la ń lọ! Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibi tí a ti wá ò gbọdọ̀ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́!"

"Seoul wo?" ni ẹni ẹ̀yìn yẹn tún kígbe. "Èyí tẹ́ ẹ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbí èyí tẹ́ ẹ fi tọrẹ lábẹ́lẹ̀?"

Ìyá Yunha ò rẹ́rìn-ín. Ó ti wo Alàgbà, ó ti wo Serin, ọ̀rọ̀ ti yé e. Ó kúrò níbi tó wà, ó lọ jókòó ti Serin, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì.

Serin dìde. Ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún àlejò.

"Dókítà, ẹ má bínú. Kò yẹ kí n tẹ ohun tí mi ò fẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn adìyẹ ló yẹ kó wà lórí àyè yẹn. Mo ti sọ fún Aldermere pé mi ò bọ̀." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, Mẹ́síkò ni mo ń lọ. Mo ti gbà fún wọn. Òkè tó ń yọ iná ni mo fẹ́ kọ́."

"Láìsọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ Aldermere lórí fóònù."

Dókítà Recinos wò ó, inú rẹ̀ tún yọ́. "Òkè tó ń yọ iná? Ẹ̀yìn oko mi ni Fuego wà. Tó o bá kàwé dé, ìwọ ni kó o máa pè mí kó tó tu iná, kí n lè tètè kó àwọn adìyẹ mi sá." Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Serin bu ìrẹsì tuntun fún un, ó fi ẹran lé e, ó ní kó jókòó. Ó jókòó.

Kò sí ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Alàgbà. Ó dúró síwájú, lábẹ́ lẹ́tà gàgàrà wọ̀nyẹn, kò mọ ibi tó lè gbé ara rẹ̀ sí. Màmá Gu ló tọ̀ ọ́ lọ, ó ń fi igi rọra rìn. Òròmọdìyẹ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì.

"Alàgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ dókítà, ẹ bá mi wo eléyìí. Ó ń gbọ̀n. Kí ni ká ṣe fún un?"

Títí dòní, a ò mọ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ni ìyá àgbà yẹn ń ṣe tàbí ó bèèrè tọkàntọkàn. Alàgbà wo òròmọdìyẹ, òròmọdìyẹ wo Alàgbà.

"Mi ò mọ̀ o, Màmá," ló wí, ẹ̀rọ sì gbé e dé ìta.

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ tí ìjọ wa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn. Òun náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù.